Bí A Ṣe Ń Ṣírò Índọ́kítánsì Áńtẹ́nà Òrùka Wáyà Ńlá

Fọ́múlà tí Harold Wheeler gbé jáde ní 1928 fún índọ́kítánsì kọ́ìlì (wáyà tí a ká), ìyẹn bí kọ́ìlì ṣe ń tako ìyípadà iná tó ń gba inú rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ká wáyà ní òrùka ńlá fún áńtẹ́nà máa ń kọ́kọ́ lò. Fọ́múlà náà rọrùn, ó sì péye, àmọ́ kọ́ìlì tó gùn ni wọ́n ṣe é fún. Tí kọ́ìlì bá ti kúrú ju nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìwọ̀n tó wà láti àárín rẹ̀ dé etí, ìdáhùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Òrùka áńtẹ́nà fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà, gígùn rẹ̀ kò sì ju ìbú ìka mélòó kan lọ.

Ká mú òrùka roboto kan tó jẹ́ mítà 1 láti àárín dé etí, tí a ká lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú wáyà tó nípọn tó mìlímítà 2, tí àlàfo àárín ìyípo kan sí èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1. Fọ́múlà Wheeler á fún wa ní nǹkan bíi 38 μH (máíkíróhẹ́ńrì, òṣùwọ̀n índọ́kítánsì), bẹ́ẹ̀ ìdáhùn tó tọ́ súnmọ́ 60. Ẹni tó bá gba 38 gbọ́, tó sì fẹ́ gbọ́ ìgbì rédíò 1 MHz, á lọ so kapásítọ̀ 667 pF mọ́ ọn (kapásítọ̀ ló ń tọ́jú iná, òun àti kọ́ìlì ló jọ ń pinnu ìgbì tí áńtẹ́nà máa gbọ́), ni áńtẹ́nà á bá lọ dúró sí nǹkan bíi 800 kHz. Fọ́múlà ò jẹ̀bi o. Ibi tí kò wọ̀ la gbé e sí.

Ohun tó fà á ni pé nínú kọ́ìlì gígùn, agbára òòfà máa ń kún inú rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba káàkiri. Nínú òrùka ńlá, ẹ̀gbẹ́ wáyà gan-an ló ti le jù; bó ṣe ń jìnnà sí wáyà ló ń rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìnípọn wáyà fi wọ inú ìṣirò, tó sì mú lọ́gárídímù dání. Fún ìyípo kan ṣoṣo:

L = 1.257 × R × [ln(8R ÷ a) − 2]

R ni láti àárín òrùka dé etí, a ni ìdajì ìnípọn wáyà, méjèèjì ní mítà; ln ni lọ́gárídímù àdánidá; L, ìyẹn índọ́kítánsì, á jáde ní μH. Iná rédíò, tó máa ń gba ara ìta wáyà, ló ni −2 yẹn. Tí iná bá gba gbogbo inú wáyà, −1.75 ni.

Òrùka wa fún wa ní 8.78 μH fún ìyípo kan. Tí a bá fi páìpù tó nípọn ní ìlọ́po mẹ́wàá rọ́pò wáyà yẹn, á di 5.89: gbogbo ìnípọn yẹn, ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló yọ. Tí R bá di mítà 2, ó di 19.3, ìyẹn ìlọ́po méjì àti díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè inú òrùka ti di ìlọ́po mẹ́rin. Onígun mẹ́rin ọgbọọgba tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ s ní tirẹ̀: L = 0.8 × s × [ln(s ÷ a) − 0.774].

Ìyípo púpọ̀ ló máa ń tan èèyàn jẹ. Wọ́n á ní ìyípo mẹ́ta, ìlọ́po mẹ́sàn-án, 79 μH. Ó dìgbà tí àwọn wáyà náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra kí ìyẹn tó súnmọ́ òótọ́. Láti mọ ohun tí ìyípo kan ń fi kún èkejì, fọ́múlà kan náà la máa lò, a kàn máa fi àlàfo àárín wọn sípò a ni. Sẹ̀ǹtímítà 1 fún wa ní 5.89, sẹ̀ǹtímítà 2 fún wa ní 5.02. Ìyípo méjì-méjì ni wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́, èyí ń ran tọ̀hún, tọ̀hún ń ran èyí, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì la ń ka ìkọ̀ọ̀kan:

3 × 8.78 + 4 × 5.89 + 2 × 5.02 = 59.9 μH

Kapásítọ̀ bíi 422 pF ló máa gbé èyí dé 1 MHz.

Gbogbo ìṣirò yìí gbà pé iná kan náà ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀ wáyà dé òpin rẹ̀. Tí gígùn gbogbo wáyà bá ti ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gígùn ìgbì lọ, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tó bá fi máa dé ìdajì ìgbì, kò sí iye L kankan tó lè ṣàpèjúwe òrùka náà.