Òkúta Sílíkà Abẹ́ Òkun: Omi Ló Ṣe Iṣẹ́ Tó Pọ̀ Jù

Ẹni tó bá rí òkúta funfun orí òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tàbí tó ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ Ìkógòsì, sábà máa ń sọ pé òkè oníná kan ti bú níbẹ̀ rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òkúta tó kún fún sílíkà, ìyẹn èròjà tó pọ̀ jù nínú iyanrìn àti gíláàsì, tó sì jẹ́ pé iná abẹ́ òkun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wà láyé lóòótọ́. Ẹni tó bá mọ bó ṣe ń wáyé kò ní í ṣì í mú.

Òkúta yíyọ́ tó ń tú jáde nísàlẹ̀ òkun, bàsáltì, irú òkúta dúdú kan, ni lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú kílò 100 rẹ̀, sílíkà kò ju bíi 50 lọ. Bó bá ti kan omi tútù, ara rẹ̀ á di gíláàsì lójú ẹsẹ̀, inú rẹ̀ á ṣì máa ṣàn, á sì máa wú jáde ní ìṣù-ìṣù bí ìrọ̀rí. Níbo wá ni òkúta tí sílíkà rẹ̀ lé ní 90 nínú 100 ti wá?

Omi òkun ló kó o jọ. Ó ń gba pàlàpálá òkúta wọ ìsàlẹ̀ lọ, ooru ibẹ̀ á mú un gbóná dé bíi 350 sí 400 Celsius, ṣùgbọ́n ìwúwo omi tó wà lókè kì í sábà jẹ́ kó hó. Ní 25 Celsius, lítà omi kan kò lè gbé ju nǹkan bíi mílígíráàmù 10 quartz, ìyẹn sílíkà tó ti dì, lọ. Ní 300, ó ń gbé ju 500 lọ. Nítorí náà, omi gbígbóná yìí á bọ́ sílíkà kúrò lára bàsáltì. Tó bá padà tú sínú òkun tútù, apá rẹ̀ kò ká ẹrù náà mọ́, á jù ú sílẹ̀ bíi jẹ́lì. Jẹ́lì yìí á máa pàdánù omi díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di chert, ìyẹn ìran òkúta ìbọn. Omi kan náà á tún máa fi sílíkà dí ihò inú bàsáltì, á máa fi rọ́pò èròjà rẹ̀, títí òkúta náà á fi di òmíràn pẹ̀lú ìrísí rẹ̀ àtijọ́.

Ọdún 1977 ni wọ́n kọ́kọ́ fojú rí irú orísun bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, nítòsí erékùṣù Galápagos. Chert ti Pilbara ní Ọsirélíà àti ti Barberton ní South Africa ti lé ní bílíọ̀nù 3 ọdún. Láyé ìgbà náà, kò tíì sí kànìnkànìn inú òkun tàbí diatom, ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín inú omi, tí yóò máa fa sílíkà inú òkun lò, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì ṣọ̀wọ́n: kí òkúta yíyọ́ fúnra rẹ̀ di olówó sílíkà kó tó tú jáde, bíi ti Havre, òkè oníná abẹ́ òkun tó wà lápá àríwá sí New Zealand, lọ́dún 2012.

Tiwa ńkọ́? Iyanrìn àtijọ́ tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sọ di líle ni òkúta Ẹ̀fọ̀n. Abẹ́ ilẹ̀ jíjìn ni àpáta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ ti tutù, ní bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn. Omi Ìkógòsì, tó ń lọ sí bíi 38 Celsius, omi òjò ni. Ó wọlẹ̀ lọ jìnnà, ó móoru níbẹ̀, ó sì gba pàlàpálá gòkè padà.

Ẹ má fi àwọ̀ dá òkúta mọ̀. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé pé ó ha gíláàsì, nítorí gbogbo wọn ló ń ha á. Ẹ bo ojú yín, ẹ fi òòlù la á, kí ẹ rí ojú tí òjò kò tíì bàjẹ́, kí ẹ wá fi awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10 wò ó. Bí ẹ bá rí hóró iyanrìn tó so mọ́ra, irú ti Ẹ̀fọ̀n ni. Chert kì í fi hóró hàn. Ńṣe ló ń là bí ìgò, ojú rẹ̀ á tẹ̀ kòrò, etí rẹ̀ á mú. Ibi tó wà ló ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀: ẹ wá ìṣù bàsáltì nítòsí rẹ̀.

Ó kan àwọn tó ń kọ́lé pẹ̀lú. Chert àti gíláàsì òkè oníná lè bá èròjà alkali inú sìmẹ́ńtì jà. Bí ọ̀rinrin bá wà níbẹ̀, jẹ́lì á hù, á mu omi, á wú, kọnkéré á sì sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Bí ẹ bá ń ra òkúta tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ fún afárá tàbí dáàmù, ẹ ní kí yàrá àyẹ̀wò fi ṣe ọ̀pá sìmẹ́ńtì kéékèèké, kí wọ́n rì í sínú omi sodium hydroxide ní 80 Celsius fún ọjọ́ 14. Tó bá fi ju 0.20 nínú 100 gùn sí i, ẹ má rà á. Tí kò bá tó 0.10, ẹ lè lò ó. Èyí tó bá bọ́ sáàárín méjèèjì, ó yẹ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.