Ọdún àlàáfíà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àbí ọdún èébú?

Àwọn tí kò gbé Yewa tàbí Kétu rí máa ń bi àwa tí a fẹ́ràn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé: ẹ ní torí ìrẹ́pọ̀ ìlú lẹ ṣe ń ṣọdún yìí, ẹ tún ní òru ọdún náà ni akọrin máa ń tú àṣírí olè, alágbèrè àti ìjòyè tó kówó ìlú jẹ. Àlàáfíà wo ló wà nínú ìyẹn? Ìbéèrè gidi ni. Lóde òní tí gbogbo èèyàn ń sọ pé ká jókòó ká jọ sọ̀rọ̀, ó yẹ ká mọ bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ṣètò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ìlú ò fi tú.

Kí ni Ẹ̀fẹ̀, kí sì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́?

Ọdún kan náà ni. Ẹ̀fẹ̀ ni ti òru, orin ló pọ̀ níbẹ̀. Ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ti ọ̀sán. Àwọn Yorùbá apá ìwọ̀-oòrùn ló ni ín: Kétu, Ìmẹ̀kọ, Ìlaròó, Ọ̀họ̀rí, Ànàgó. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 ló ya Kétu, tó wà ní Benin lónìí, nípá kúrò lára Ìmẹ̀kọ tó wà ní Nàìjíríà, àmọ́ orin ò mọ ẹnubodè. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 pé ohun àjogúnbá gbogbo ayé ni, Benin, Nàìjíríà àti Togo ni wọ́n jọ dárúkọ. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì tún máa ń ṣe é nígbà tí ọ̀dá bá dá tàbí tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ̀lú.

Àwọn ìyá wa ni wọ́n ń ṣe é fún: Ìyá Ńlá, àti àwọn àgbà obìnrin tí àṣẹ wà lẹ́nu wọn. Ọkùnrin ló ń gbé igi, ìyẹn ère orí tí wọ́n gbẹ́ bí ojú èèyàn, lórí, òun náà ló ń múra bí obìnrin, ṣùgbọ́n Ìyálàṣẹ ni olórí ẹgbẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà débẹ̀.

Báwo ni òru náà ṣe ń lọ?

Ọjà ni wọ́n ti ń ṣe é, níbi tí gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró sí. Àwọn onílù á ti jókòó, ọmọdé àtàgbà á ti yí agbo ká. Àwọn mìíràn á jáde ṣáájú. Tètèdé á wá yọ, òun ló máa fi orin pe Ẹ̀fẹ̀ pé kó máa bọ̀. Nígbà tí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ fúnra rẹ̀, akọrin òru náà tí a tún ń pè ní Ẹ̀fẹ̀, bá dé, ẹ ó gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i, torí irin tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Igi orí rẹ̀ lójú funfun, ìrùkẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe èébú ló máa kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ìjúbà ni. Á júbà Olódùmarè, á júbà òrìṣà, á júbà àwọn ìyá, á júbà àwọn àgbà àti àwọn tó kọ́ ọ lórin. Ìjúbà yẹn lè pẹ́ gan-an, ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ á máa rò pé ó ń fàkókò ṣòfò. Àṣẹ ló ń tọrọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa tó kan olè.

Báwo ni orin ìbáwí ṣe máa ń rí?

Ká ní akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan kówó àwọn èèyàn jẹ. Ẹ̀fẹ̀ lè dárúkọ rẹ̀ gan-an. Ó sì lè má dárúkọ, kó kàn béèrè pé ta ló kan páànù tuntun lóṣù tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń wá owó wọn. Gbogbo ọjà ti mọ ilé tí páànù ń dán lórí rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Ẹ̀fẹ̀ á dá orin, àwọn elégbè á gbè é, agbo á sì pinnu bóyá àwọn náà á gbà á. Bí wọn ò bá gbè é, orin náà kú síbẹ̀. Bí wọ́n bá gbè é, wọ́n á ní kó tún un kọ, wọ́n á sì gbé e lọ sí oko, sí odò àti sí ọjà, títí ọdún mìíràn á fi dé. Ẹnì kan ló dá orin, ìlú ló gbà pé òótọ́ ni.

Ṣé kì í bẹ̀rù ẹ̀san? Àbí ojú tó bò ló gbà á?

Rárá. Egúngún ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀. Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yàtọ̀: orí ni igi ń wà, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lójú, àwọn ará ìlú sì mọ ọmọ ẹni tó ń kọrin. Ẹni tó bá fẹ́ bá a jà mọ ilé rẹ̀.

Ohun tó dáàbò bò ó ni pé àṣà ti kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni fìyà jẹ ẹ́ nítorí orin òru yẹn, ìbáà ṣe ọba. Àwọn ìyá tó júbà fún ló dúró tì í lẹ́yìn. Ta ló fẹ́ bínú sí ẹni tí àwọn ìyá rán níṣẹ́?

Níbo wá ni àlàáfíà wà, nígbà tójú ti ń ti ẹnì kan?

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ akápò yẹn ṣe wà kí orin tó dé. Abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Bí èyí ṣe sọ ọ́ kọ́ ni tọ̀hún ṣe sọ ọ́, wọ́n ti ń fura sí aláìṣẹ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ti ń gbèrò ohun tí wọ́n máa ṣe fún un. Orin kó gbogbo rẹ̀ wá sójú kan. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ìlú gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ohun tí wọ́n máa tìtorí rẹ̀ sun ilé mọ́. Akápò náà rí ọ̀nà: bó bá dá owó padà, kò sí ìdí tí Ẹ̀fẹ̀ á fi tún kọ ọ́ lórin lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹnu kan náà ló tún ń wúre fún aláboyún, fún àgbẹ̀, fún òjò, lóru kan náà.

Èmi gbà pé ìtìjú níwájú gbogbo èèyàn, tó ní ààlà tó sì ní ìgbà tó ń parí, sàn ju ìkórìíra tí kò lójú.

Bí Ẹ̀fẹ̀ bá parọ́ ńkọ́?

Ó ṣeé ṣe. Agbo ni ààbò àkọ́kọ́, torí irọ́ tí ìlú mọ̀ pé irọ́ ni kì í rí elégbè. Ṣùgbọ́n agbo náà lè ṣojúsàájú. Ọkùnrin ló ń dá orin, àwọn orin kan sì ń na obìnrin ju ọkùnrin tí wọ́n jọ dẹ́ṣẹ̀ lọ. Kò yẹ ká bò ó mọ́lẹ̀.

Bí aláṣẹ bá wá kọ̀ láti gbọ́?

Kì í ṣe Ẹ̀fẹ̀ nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn, ìtàn wa ní àpẹẹrẹ tó dunni. Ní 1964, Hubert Ogunde, àgbà òṣèré orí ìtàgé, gbé eré Yorùbá Ronú jáde, ó fi bá ìran wa wí lórí ìjà òṣèlú tó pín wa. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀, wọn ò lè ṣeré ní ẹkùn náà mọ́. Ó fi eré mìíràn fèsì, Òtítọ́ Korò. Ní ìparí 1965, ìbò dàrú, wẹ́tìẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi bẹntiróòlù sun èèyàn àti ilé. Ọdún 1966, nígbà tí Fájuyì di gómìnà ológun ẹkùn náà, ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Mi ò sọ pé òfin yẹn ló fa iná. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìjọba dí ọ̀kan lára ihò tí èéfín ì bá gbà jáde.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú ìpàdé ìlú tí wọ́n ń pè lónìí. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ọ̀dọ́ kan, wọ́n á ní kó sọ tẹnu rẹ̀, bílẹ̀ bá mọ́ wọ́n á ránṣẹ́ pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá. Kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni kó wá sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹni tó máa dúró tì í.

Ṣé àwọn kan ti fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jà fún ẹ̀tọ́ lóde òní?

Bẹ́ẹ̀ ni, òkèèrè ni wọ́n sì wà. Ní April 1988, tó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìfiniṣẹrú kásẹ̀ nílẹ̀ ní Brazil, àwọn obìnrin dúdú kan, Sueli Carneiro lára wọn, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní São Paulo. Wọ́n pè é ní Geledés, torí agbára obìnrin tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń bọlá fún. Wọ́n ṣètò agbẹjọ́rò fún ẹni tí wọ́n bá fi àwọ̀ ara fìyà jẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sókè, wọ́n tún gba àwọn ọ̀dọ́ olórin rap mọ́ra, àwọn tí ọlọ́pàá ń dà láàmú ní àdúgbò tálákà. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa kọ orin wọn, agbẹjọ́rò sì wà nínú ẹgbẹ́ kan náà fún ìgbà tí orin bá dá wàhálà sílẹ̀.