IGF-1 tó wálẹ̀ kì í ṣe àìsàn ní gbogbo ìgbà

Bí ẹ bá mú ìwé àyẹ̀wò wá bá wa ní Òkè-Fìà, nílùú Òṣogbo níbí, tí ẹ ní IGF-1 yín (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ara dàgbà) ti lọ sílẹ̀, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi yín ni ọjọ́ orí yín. Láìmọ ìyẹn, nọ́ńbà inú ìwé kò sọ nǹkan kan fún mi.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú IGF-1 inú ẹ̀jẹ̀. Họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè tó ń ti abẹ́ ọpọlọ wá ló ń rán an níṣẹ́. Họ́mọ̀nù yẹn fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan: ó ń pọ̀ lóru, ó sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́sàn-án. IGF-1 kì í ṣe ségesège bẹ́ẹ̀, òun ni dókítà ṣe ń ní ká wọ̀n.

Ó kéré lára ọmọ jòjòló, á sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bí ọmọbìnrin bá ti ń yọ ọmú ló máa ń fò sókè, á ga jù lọ ní nǹkan bí ọmọ ọdún 14 sí 15, ó sì máa ń ṣáájú ti àwọn ọkùnrin. Ìgbà yẹn ni aṣọ iléèwé tí ẹ rán ní September máa ń kúrú kí ọdún tó yí po! Lẹ́yìn 20 ọdún, wíwálẹ̀ ló kù. Ẹni 60 ọdún lè máà ní ìdajì èyí tó ní nígbà ọmọge, kó sì le koko.

Oyún yàtọ̀. Tó bá ti lé ní ìdajì, ibi ọmọ á máa ṣe họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè tirẹ̀, IGF-1 ìyá á gòkè, á tún wálẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ.

Oògùn ni ẹ kì í fẹ́ sọ fún wa. Èyí tó ní estrogen (họ́mọ̀nù obìnrin) tí ẹ ń gbé mì, yálà ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí tàbí èyí tí wọ́n fún yín lẹ́yìn tí nǹkan oṣù dúró, ń gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, ó sì ń fa IGF-1 wálẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ kì í fi bẹ́ẹ̀ fà á. Àìjẹunkánú àti àìsàn ẹ̀dọ̀ náà ń fà á wálẹ̀.

Èyí tó yẹ kó kó ọkàn yín sókè ni kí IGF-1 yín ga ju ti ẹgbẹ́ yín lọ, kí òrùka máà wọ ìka mọ́, kí bàtà máa kéré sí yín, kí àgbọ̀n máa yọ síwájú. Ó lè jẹ́ kókó lábẹ́ ọpọlọ, èyí tí kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹ tètè rí dókítà.

Àwọn tó ń polówó abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè pé ó ń sọ àgbà dọmọdé, ẹ má fún wọn lówó. Ó lè gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, kí ẹsẹ̀ wú, kí oríkèé sì máa ro yín.