Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Ṣọ́ Odò Rhine Tọ̀sán-tòru

Òru ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1986 ni iná sọ nílé ìkẹ́rùsí ilé iṣẹ́ Sandoz ní Schweizerhalle, lẹ́bàá Basel ní Swítsàlandì. Oògùn apakòkòrò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Omi táwọn panápaná fi pa iná gbé májèlé náà wọ odò Rhine. Aró tó wà nínú ẹrù sọ odò di pupa, ẹja sì kú lọ títí dé nǹkan bíi 400 kìlómítà.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ odò náà tẹ́lẹ̀. Láti 1950 ni Swítsàlandì, Faransé, Jámánì, Lúksẹ́mbọ̀rg àti Hólándì ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Àmọ́ omi inú ìgò ni ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò: wọ́n á bu omi, wọ́n á gbé e lọ, èsì á pẹ́ kó tó jáde. Bí májèlé bá kọjá lóru, omi tó dára ni wọn yóò bù láàárọ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé àyẹ̀wò kẹ́míkà kì í rí ju ohun tí a ní kó wá lọ.

Ní 1993, Swítsàlandì àti Jámánì ṣí ibùdó ìṣọ́ kan ní Weil am Rhein, nísàlẹ̀ Basel. Ojú márùn-ún ló ti ń fa omi, láti etí odò kan dé èkejì, nítorí ìdọ̀tí tó bá wọlé létí ọ̀tún máa ń rọ̀ mọ́ etí ọ̀tún fún ọ̀pọ̀ kìlómítà kó tó pò mọ́ ìyókù.

Láwọn ibùdó kan lẹ́bàá odò náà, ohun abẹ̀mí ni wọ́n fi ṣọ́ ọ: Daphnia, kòkòrò omi tí kò ju mìlímítà mélòó kan lọ. Wọ́n á kó díẹ̀ sínú àpótí tí omi odò ń gbà kọjá láìdáwọ́ dúró, ìtànṣán iná á sì máa ka iye ìgbà tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá. Bí ìlúwẹ̀ẹ́ wọn bá yára lójijì tàbí tó rọlẹ̀, agogo á dún. Kòkòrò kò nílò kó mọ orúkọ májèlé kó tó jẹ ìyà rẹ̀. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ó ní wàhálà tirẹ̀ o. Bí wọn kò bá pààrọ̀ wọn ní bíi ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á bímọ, iye á lé sí i, agogo á dún lásán. Nígbà òtútù, omi tí wọ́n mú lọ́ wọ́ọ́wọ́ á yọ ìhó, ìhó náà á sì dí ìtànṣán lójú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo àpótí méjì pa pọ̀: bí ọ̀kan ṣoṣo bá figbe ta, ẹ̀rọ ni wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Agogo kì í sọ májèlé tó jẹ́. Wọ́n á tọ́jú omi àkókò yẹn fún yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á sì ta àwọn tó wà nísàlẹ̀ lólobó, kí àwọn ilé iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ní Hólándì lè ti ẹnu páìpù wọn kí májèlé tó dé.