Ẹni tó lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, ta ló ń ràn lọ́wọ́?

Àbúrò mi kan, ọmọbìnrin ọdún 23 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, fẹ́ dá lọ sí Jámánì láti lo ọdún kan nílé àwọn arúgbó. Kò ní gba owó oṣù. Ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ ti gbà, ìyá rẹ̀ ò tíì gbà. Ó mọ̀ pé èmi náà ti ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́hùn-ún, ló bá kó ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo to àwọn tó ṣe kókó síbí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí ń rú lójú.

Ẹ̀gbọ́n, ṣebí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni mo fẹ́ ṣe. Kí ló dé tí àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí n sanwó kí n tó lọ?

Torí pé ohun méjì tó yàtọ̀ síra ló ń jẹ́ orúkọ kan náà. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ò ń lọ. Láyé ọjọ́un, dandan ni kí ọ̀dọ́mọkùnrin Jámánì wọṣẹ́ ológun. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ò bá jẹ́ kó gbé ìbọn, ilé ìwòsàn tàbí ilé arúgbó ni wọ́n ń rán an lọ. Ní 2011, wọ́n dá ọ̀rọ̀ dandan yẹn dúró, àyè àwọn ọmọ yẹn sì ṣófo. Ta ni yóò máa ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn? Ta ni yóò máa bu oúnjẹ fún màmá àgbà? Lọ́dún náà gan-an ni ìjọba dá ètò Bundesfreiwilligendienst sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà. Ètò mìíràn tó jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́ nìkan ti wà ṣáájú rẹ̀, òfin tirẹ̀ ti wà láti 1964.

Nínú ètò báyìí, wọ́n á fún ọ lówó díẹ̀ tí wàá máa ná, wọ́n á san adójútòfò ìlera rẹ, ibòmíràn á tún fún ọ nílé àti oúnjẹ. Bí ọ̀dọ́ bíi tìẹ bá lo ọdún kan, ó kéré tán, ọjọ́ 25 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀kọ́. Ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́.

Ohun kejì ni ti àwọn tó ń ta ìrìnàjò. Wọ́n á ní kí o san owó gọbọi fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á sì máa pè ọ́ ní olùrànlọ́wọ́. Owó físà àti owó bàálù lè jẹ́ tìrẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí o sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kí o ṣiṣẹ́, bi wọ́n léèrè ẹni tí owó náà ń bọ́ sí lọ́wọ́. Bí wọn ò bá dáhùn, pa ojú ìwé náà dé.

Ọ̀rẹ́ mi ní ká jọ lọ sí Cambodia lọ tọ́jú ọmọ òrukàn fún ọ̀sẹ̀ méjì dípò Jámánì. Ṣé kò dáa ni?

Má lọ. Bí àlejò ṣe ń rọ́ lọ sí ìlú Siem Reap níbẹ̀ láti wo tẹ́ḿpìlì Angkor Wat, bẹ́ẹ̀ ni ilé ọmọ òrukàn ń pọ̀ sí i níbi tí àlejò wà. Nígbà tí wọ́n tọpinpin rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà ló ní ìyá tàbí bàbá láyé. Òṣì ló mú káwọn òbí yọ̀ǹda wọn, torí àwọn tó ni ilé náà ṣèlérí ilé ìwé àti oúnjẹ fún wọn. Ọmọ wá di ohun tí wọ́n fi ń fa owó lápò àlejò. Nepal náà ti rí irú ẹ̀, UNICEF sì ti kìlọ̀ lórí ẹ̀.

Kí a tiẹ̀ yọ ti owó kúrò. Ọmọ ọdún mẹ́ta dì mọ́ ọ lọ́rùn lónìí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì o lọ, ẹlòmíràn dé, òun náà lọ. Àyà mi máa ń já tí mo bá rí fọ́tò irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn ò ní gbà kí o ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ ní Òṣogbo láìní ìwé ẹ̀rí, má lọ ṣe é níbòmíràn.

Òyìnbó la mọ̀ pé ó ń wá ràn wá lọ́wọ́. Ṣé àwa náà lè lọ sọ́dọ̀ wọn?

Ó ti pẹ́ tí tiwa náà ti ń lọ. Láti 1987 ni Nàìjíríà ti ń rán dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti ẹnjiníà jáde fún ọdún méjì-méjì lábẹ́ ètò Technical Aid Corps, sí àwọn ilẹ̀ bíi Gáńbíà àti Jàmáíkà. Jámánì náà ní ètò weltwärts, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 láti máa rán àwọn ọ̀dọ́ wọn jáde. Wọ́n ti wá sìn ní Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wa níbí. Láti 2013 ni wọ́n ti gbà káwọn ọ̀dọ́ láti irú ilẹ̀ wọ̀nyẹn náà máa wá sí Jámánì.

Kí ni kí n ṣọ́ra fún jù lọ?

Ohun tí wàá kọ ránṣẹ́ sílé. Ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ní oṣù kẹta 1961 ni Ààrẹ John Kennedy dá Peace Corps sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ètò tó ń rán àwọn ará Amẹ́ríkà tó yọ̀ǹda ara wọn lọ sìn nílẹ̀ òkèèrè. Kí ọdún náà tó parí, àwọn àkọ́kọ́ tó wá sí Nàìjíríà ti wà nílé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn tí wọ́n ń gba ẹ̀kọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Margery Michelmore. Ẹni ọdún 23 ni, bíi tìẹ gẹ́lẹ́. Ní oṣù kẹwàá, ó kọ póòsìkáàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nípa ìdọ̀tí tó rí àti bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé. Káàdì náà bọ́ kó tó fi ránṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan rí i he, wọ́n tẹ ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri, ọgbà bá gbóná. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò bá àwọn àlejò jókòó jẹun mọ́. Ọmọbìnrin náà tọrọ àforíjì, ó sì padà sílé.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Ìbínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tọ́. Òmìnira wa ò ju ọdún kan lọ nígbà náà, àlejò tó sọ pé òun wá ṣoore ló tún ń ròyìn wa lẹ́yìn. Síbẹ̀ ọmọ náà ṣe mí láàánú, torí kò purọ́. Ó kàn kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí kó tó bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró, tó sì kọ́ọ̀yàn ní ilé ìwé wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ṣì ń rántí wọn dòní.

Ìwọ náà yóò dé ilé arúgbó yẹn, yóò sì wù ọ́ láti kọ ọ́ sórí Facebook pé àwọn ará ibí ti kọ òbí wọn sílẹ̀. Ní sùúrù ná. Bi àwọn ọmọ wọn léèrè tí wọ́n bá wá kí wọn.

Àṣà wọn ńkọ́?

Èyí tó máa rọrùn fún ọ ni pé wọ́n ní “ẹ” àti “o”. “Sie” ni wọ́n ń pe àgbà àti ẹni tí wọn ò mọ̀, “du” sì ni ti ojúlùmọ̀. Ohun tí ò ní rọrùn ni ojú. Bí àgbàlagbà bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, wò ó lójú. Bí o bá wolẹ̀, wọ́n lè rò pé o ń fi nǹkan pa mọ́. Aago mẹ́jọ wọn, mẹ́jọ ni. Lọ́jọ́ Sunday, má lu nǹkan, má tan orin sókè.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́, mo kúnlẹ̀ kí màmá kan tó lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹ̀rù bà á, ó ké sí nọ́ọ̀sì pé mo ti ṣubú. Mo fi ìwọ̀nba èdè tí mo gbọ́ ṣàlàyé pé bí a ṣe ń kí ìyá ni. Ó dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti kúnlẹ̀, á gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Òun ló wá sọ fún mi bí ebi ṣe pa wọ́n lẹ́yìn ogun, nígbà tó wà lọ́mọdé. Mo rò pé ìwọ̀nyẹn ni mo lọ gbà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo ń bu oúnjẹ fún un.

Ìyá mi ń bẹ̀rù pé èmi nìkan ni mò ń lọ.

Jókòó tì wọ́n, kí o fi ìwé hàn wọ́n. Físà iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni ni kí o gbà kí o tó gbéra, má fi ti ìbẹ̀wò lọ. Fún wọn ní ẹ̀dà ìwé ìrìnnà rẹ àti àdírẹ́sì ibi tí wàá gbé. Bí o bá ti kó dé ibi tí wàá máa gbé lọ́hùn-ún, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́fíìsì ìlú. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112, ti ọlọ́pàá ni 110. Kí o sì dá ọjọ́ tí wàá máa pe ìyá rẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, má yẹ̀ ẹ́.

Kí ni kí n dì lẹ́rù?

Má gbé ẹran tàbí wàrà, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Wọ́n gba ẹja gbígbẹ láàyè, tí kò bá ti ju 20 kílò lọ. Di aṣọ òtútù, kí o sì mú ọpọ́n ayò kan, torí àwọn arúgbó fẹ́ràn ohun tí wọ́n lè jókòó ta. Fi ọmọ ayò gidi sílẹ̀ nílé. Irúgbìn ni, ó ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí. Ra ìlẹ̀kẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kí o sì kà á kó pé 48.