Kí Ni À Ń Fẹ̀yìn Tì?

Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà, ọjọ́ ìfẹ̀yìntì kì í bá èèyàn lójijì. Ọdún 60 láyé tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ni, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Òfin ọdún 2022 sì sún ti àwọn olùkọ́ sí 65 láyé tàbí 40 lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó bá ku oṣù mẹ́ta, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ á kọ̀wé pé òun ń lọ, á lo oṣù kan fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, á sì fi méjì tó kù to ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń gbilẹ̀ nírú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ni bí owó ìfẹ̀yìntì ṣe ń jáde àti bí wọ́n ṣe ń sin ẹja àrọ̀. (Bí ẹni tó fi ọdún 35 gbé fáìlì kiri ṣe máa di ọlọ́sìn ẹja láàárín oṣù kan, Ọlọ́run ló yé.) Owó ṣe pàtàkì o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun fẹ̀yìn tì, nǹkan kan ló yẹ kó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fẹ̀yìn tì, kì í ṣe owó nìkan.

Ohun tí iṣẹ́ ń ṣe fúnni yàtọ̀ sí owó, ìgbà tí iṣẹ́ bá lọ tán la máa ń rí i. Wọ́n rí i kedere ní Marienthal, abúlé kan nítòsí Vienna lórílẹ̀-èdè Austria, nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ tí ilé iṣẹ́ aṣọ tó ń bọ́ gbogbo abúlé kógbá wọlé. Marie Jahoda, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo bí àwọn èèyàn náà ṣe ń gbé, wọ́n sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1933. Àyè ṣí sílẹ̀ fún kíkàwé, síbẹ̀ iye ìwé tí wọ́n ń yá nílé ìkàwé já wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ò mú aago rìn mọ́. Lójú pópó, wọ́n á rìn díẹ̀, wọ́n á dúró. Àwọn obìnrin, tí ìkòkò àti ọmọ ṣì ń dúró dè nílé, ló ń yára kọjá lára wọn. Òótọ́ ni pé ebi wà níbẹ̀, àwọn yìí ò sì fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí Jahoda fà yọ níkẹyìn kan òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì náà gbọ̀ngbọ̀n: iṣẹ́ ń to àkókò fúnni, ó ń fúnni ní èèyàn tí kì í ṣe ẹbí, ó ń fini sínú ohun tó ju ẹnì kan lọ, ó ń fúnni lórúkọ láwùjọ, ó sì ń lé wa dìde lórí ìjókòó.

Àkókò ló kọ́kọ́ ń tú. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bàbá á jí ní aago márùn-ún bíi tàtẹ̀yìnwá, á wẹ̀, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lọ̀. Aago méje á bá a ní pálọ̀, kò sí ibi tó ń lọ. Inú rẹ̀ dùn. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ ọkọ̀ ò kàn án mọ́. Robert Atchley, onímọ̀ àwùjọ ọmọ Amẹ́ríkà, fi àsìkò yìí wé ìgbà tí tọkọtaya tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jayé orí wọn. Ó ní ìjákulẹ̀ lè tẹ̀lé e fún àwọn kan, kí wọ́n tó tún ìgbé ayé wọn tò. Ìjákulẹ̀ yẹn kì í pariwo. Ìwẹ̀ aago márùn-ún á di ti mẹ́wàá, oúnjẹ àárọ̀ á wọnú ti ọ̀sán, tẹlifíṣọ̀n á máa bá ẹni tó ń tòògbé sọ̀rọ̀. Ìdí ni pé níbi iṣẹ́, ẹlòmíràn ló ń bá wa ṣọ́ aago: bí a ò bá dé, wọ́n á wá wa. Nílé, ìpinnu pé "màá máa kàwé láràárọ̀" ò ní ẹlẹ́rìí. Ohun tó ń di ọjọ́ mú ni èyí tí ẹnì kan ń dúró dè wá níbẹ̀: ìpàdé akọrin lọ́jọ́bọ̀, ilé kéú, ọmọ àdúgbò méjì tí à ń kọ́ ní ìṣirò lẹ́yìn ilé ìwé.

Orúkọ tún le ju àkókò lọ, àwọn ọ̀gá ló sì máa ń dun jù. Ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Pírínsípà á rí i pé fóònù òun ò dún láti àárọ̀. Ẹni ọ̀wọ̀ ṣì ni, àmọ́ ipò ni ọ̀pọ̀ ń kí tẹ́lẹ̀. Wo ìyá aláṣọ lọ́jà: kì í fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ kan. Á fa ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, òun á ṣì máa jókòó síwájú ìsọ̀, oníbàárà á ṣì máa bi í bóyá léèsì yìí ń ṣí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ò ní irú àǹfààní yẹn, àfi kó ti ní orúkọ mìíràn kó tó lọ: akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, ìyá ìjọ, ẹni tó ń bá ẹbí parí ìjà.

Ilé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Tọkọtaya tó ti fi ọgbọ̀n ọdún pínyà láàárọ̀, tí wọ́n ń pàdé lálẹ́, wá wà lójú ara wọn láti òwúrọ̀ dalẹ́. Bàbá á wọ ilé ìdáná, á ní kí ló dé tí wọ́n fi da òróró tó báyìí. Ní Japan, wọ́n ń fi irú ọkọ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè é ní sodaigomi, ìyẹn ìdọ̀tí ńlá tó ń dúró de ọkọ̀ akólẹ̀. Tiwa tún ní ẹ̀ka kan: ìyá lè rìnrìn àjò lọ wẹ ọmọ ní London tàbí Houston, kó lo oṣù mẹ́fà, kí bàbá ṣẹ́ kù sílé pẹ̀lú ìkòkò tí kò mọ̀ ọ́n lò. Ó yẹ kí wọ́n ti jọ sọ ọ́ kó tó ṣẹlẹ̀: ta ni yóò lọ, fún ìgbà wo, ta ni yóò máa sebẹ̀.

Ní ti ọ̀rẹ́, ìwádìí kan tí Harvard bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1938 fi hàn pé àjọṣe tó dán mọ́rán wà lára ohun tó ń mú ara dá ṣáṣá lọ́jọ́ ogbó. Ọ̀rẹ́ ọ́fíìsì sì ń tètè tú, torí ọ́fíìsì ló so wọ́n pọ̀.

Ọ̀nà kan wà láti dán gbogbo èyí wò ṣáájú: ìsinmi ọdọọdún. Nígbà tó bá ku bí ọdún méjì, kí òṣìṣẹ́ lo odindi rẹ̀ nílé, láìrìnrìn àjò, láìyọjú sí ọ́fíìsì. Kó kọ ohun tó ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bó bá rí i pé láàárín aago mẹ́wàá sí aago méjì lòun ń wo ògiri, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan fi sí.