Bí wọ́n ṣe ń jí ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ dìde

Ẹni tó bá rí ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tó ń dán ní mùsíọ́mù lè rò pé wọ́n kàn fọ̀ ọ́ tí wọ́n sì kùn ún ni, àmọ́ ọ̀dà ló ń kẹ́yìn, iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá lè wà lábẹ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ni ò sì gbowó, wọ́n kàn yọ̀ǹda ara wọn ni. Talyllyn ní Wales ni rélùwéè àkọ́kọ́ lágbàáyé tí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ gbà ṣe kó má bàa kú, 1951 nìyẹn.

Wọ́n á kọ́kọ́ tú u. Gbogbo nǹkan tí wọ́n bá tú ni wọ́n ń ya fọ́tò ẹ̀ tí wọ́n ń so nọ́ńbà mọ́, torí ẹni tó tú u lè má sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n máa tò ó padà. Tí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ìyẹn nǹkan tí wọ́n fi ń bo irin kí ooru má bàa jáde, bá wà lára bọ́ílà, ìyẹn àgbá irin tó ń se omi di sítíìmù tó ń wa ọkọ̀, àwọn tó gbàṣẹ nìkan ló ń kó ìyẹn, eruku ẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró.

Bọ́ílà yìí gan-an ló ń jẹ àkókò. Páìpù rẹpẹtẹ ló gba inú ẹ̀ kọjá, iná àti èéfín ń gba inú páìpù, omi yí wọn ká, ó ń hó, ó ń di sítíìmù, àmọ́ omi yẹn náà ló ń jẹ irin láti inú. Wọ́n á yọ gbogbo páìpù, wọ́n á wọn bí irin ṣe nípọn tó, ibi tó bá ti fẹ́lẹ́ wọ́n á gé e kí wọ́n wẹ́ẹ̀dì irin tuntun sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n á rọ omi kún un dẹ́nu, wọ́n á fi ẹ̀rọ tì í kọjá agbára tó máa gbé lójú iṣẹ́. Kí ló dé tó jẹ́ omi? Omi ò ṣeé fún pọ̀, tí irin bá ya omi á kàn tú jáde, sítíìmù ní tiẹ̀ á bú bíi bọ́ǹbù. Tó bá yege ni wọ́n tó dá iná sí i lójú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Britain, ọdún mẹ́wàá ni ìwé-ẹ̀rí ẹ̀ sábà máa ń lò, wọ́n á tún padà tú u.

Ẹ̀yà ara míì ti sọnù pátápátá. Ẹ́ńjìnnì 213 ni wọ́n rà kúrò ní ọgbà páńtí ní Barry, ní South Wales, ọ̀pọ̀ nínú wọn làwọn èèyàn ti já nǹkan lára wọn, ni wọ́n bá ń fi igi gbẹ́ àwòkọ́ṣe ohun tó sọnù, wọ́n á fi tẹ iyanrìn, wọ́n á wá da irin tó ti yọ́ sójú ibi tó tẹ̀. Ti táyà ló wuyì jù: òrùka irin ni, ó kéré díẹ̀ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀, wọ́n á fi iná mú un gbóná títí á fi fẹ̀, wọ́n á gbé e wọ̀ ọ́, tó bá ti tutù ó súnkì, ó dì í mú pinpin.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìpáàrà ló máa kọ́kọ́ ha, tàbí ọ̀dà ara kóòṣì, ìyẹn ibi táwọn èrò ń jókòó sí, tí wọ́n ń fi sánpépà ha ní ìpele ìpele kí wọ́n lè rí àwọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀. Tó bá wù ú kó wa ọkọ̀, ẹni tó ń nu ẹ́ńjìnnì ni á kọ́kọ́ jẹ́, lẹ́yìn ẹ̀ ẹni tó ń kóná, dírẹ́bà ló kẹ́yìn, ọdún ló sì ń gbà. Ẹni tó ń kóná yìí ló máa jí kí ilẹ̀ tó mọ́ wá dáná, díẹ̀díẹ̀ sì ni, torí tí irin tútù bá gbóná lẹ́ẹ̀kan náà ó lè ya.